Ó fẹjọ́ sùn mí, mo gba fóònù rẹ̀: báwo ni n ó ṣe rí ọmọ mi gbà padà?

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó wà ní SS1. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sunkún wá bá mi pé àwọn ọ̀rẹ́ òun méjì yọ òun kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp wọn, wọ́n sì dá òmíràn sílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí mi, mo ní fóònù yẹn ló fà á, mo sì gbà á. Ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò ni mo rí i pé ó ti yọ èmi àti bàbá rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń rí status rẹ̀, àti pé tíṣà Maths wọn máa ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sí i ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. N kò rí ọ̀rọ̀ burúkú níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣé kí n dá fóònù náà padà? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú làálàá ọmọ títọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dá fóònù náà padà. Ẹ má ṣe é lónìí, ẹ má sì ṣe é ní alẹ́ Sọ́ńdè. Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe, n ó sì sọ ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì kí n tó kádìí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló wá bá yín, kò sẹ́ni tó ká nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sunkún, ó sọ ohun tó ń dùn ún, fóònù sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ ṣì ń tẹ fóònù tiwọn, òun tó fẹjọ́ sùn ló jìyà. Ẹ̀yin mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín ṣe é. Láti ibi tí òun dúró sí, ohun tó rí ni pé ẹnu òun ló kó bá òun. Ẹ má fojú kéré "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́" tó kù yẹn o; ọ̀wọ̀ ni, kò sì tíì tán nínú rẹ̀. Ohun tó tán ni ìgboyà láti fi ọ̀rọ̀ inú lọ̀ yín.

Èyí ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, fóònù òun á lọ, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ìjà ọ̀rẹ́ méjì, àdánù náà kéré. Ó di ńlá lọ́jọ́ tí ẹni tí kò mọ̀ rí bá ní kó fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́, tàbí tí ẹnì kan bá ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn kó fi owó ránṣẹ́. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìyẹn. Ní oṣù keje ọdún 2024, Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Instagram, yọ àkáǹtì Instagram bíi 63,000 kúrò ní Nàìjíríà nítorí irú ìlọ́nilọ́wọ́gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, sọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Èkó sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi àwòrán halẹ̀ mọ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan títí tó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọdún 2022. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de kí òbí yẹ fóònù wò lópin ọ̀sẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè yára tó o ni kí ọmọ dìde lóru, kó kan ilẹ̀kùn yín, kó ní, "Mọ́mì, mo ti ṣe nǹkan kan."

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tún ojú ọ̀nà yẹn ṣe. Ẹ má pè é sí pálọ̀ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀, ẹ má sì jókòó kọjú sí i bí adájọ́. Ẹ wá àkókò tí ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì bá dí: bóyá ẹ jọ ń ṣa ẹ̀wà, tàbí ẹ̀ ń di irun rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa bí ojú rẹ̀ kò bá ní láti wo ojú yín. Ẹ fi oríkì rẹ̀ pè é, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ṣókí: "Ọjọ́ tí o wá sọ ọ̀rọ̀ gúrúùpù yẹn fún mi, ìwọ ni wọ́n ṣẹ̀, ìwọ náà ni mo tún fìyà jẹ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, ohun tí o bá fẹnu ara rẹ sọ fún mi, n kò ní torí rẹ̀ gba fóònù rẹ." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: wọ́n á fi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" kún un, ọmọ á sì gbàgbé gbogbo ohun tó ṣáájú. Ẹ má ní kó fèsì lọ́jọ́ náà. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó sọ nǹkan kan, ohun tó sì máa kọ́kọ́ sọ lè má ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí aṣọ ìdárayá lọ. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ afárá wò ni.

Ìlérí yẹn kò ní kí ẹ má gba fóònù láé. Ẹ jọ kọ ohun tó lè mú kí ẹ gbà á sínú ìwé: bó bá lò ó lẹ́yìn àsìkò, bó bá fi bú ènìyàn, bó bá fi àwòrán ẹlòmíràn síta láìgba àṣẹ. Ìjìyà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí ẹ ó dá a padà nígbà tí ẹ bá ń gbà á. "Títí dìgbà tí inú mi bá rọ̀" kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan ju bí a ṣe ń wo ojú ìyá ẹni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù, torí pé láàárín àsìkò yẹn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti parí rẹ̀, wọ́n sì ti yan aṣọ ọjọ́ ìbí láìsí òun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ status kúrò nílẹ̀, torí mo mọ̀ pé ó dùn yín ju bí ẹ ṣe kọ ọ́ lọ. Wákàtí 24 péré ni status fi ń wà níta. WhatsApp fún oníkálukú láyè láti yan àwọn tí kò ní rí i: "My contacts except" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì fi orúkọ yín sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fi nǹkan burúkú pamọ́. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ láti ilé ìwé ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí ìyá ẹnì kan bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Lórí status, ìyá, bàbá, pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá ní London àti ọmọ tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì dúró pọ̀ sí ojú kan náà, ó sì ní láti yan ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tó wọ́pọ̀ tí àwọn òbí kì í ronú kàn. Ẹ padà sí gúrúùpù ẹbí yín, kí ẹ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti fi síbẹ̀ nípa rẹ̀. Ṣé èsì ìdánwò rẹ̀ wà níbẹ̀ pé "ẹ bá mi bá ọmọ yín wí"? Ṣé àwòrán rẹ̀ láìdirun wà níbẹ̀? Ọmọ tí àǹtí kan pè láti Houston pé òun gbọ́ pé ó gba 38 nínú Chemistry kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí ohun tó ń fi síta mọ́, nítorí ó mọ ibi tó máa dé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ pa á rẹ́. "Delete for everyone" kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó bá ti kọjá bíi wákàtí 60; bó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bẹ àwọn ẹbí kí oníkálukú pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ má fi falẹ̀. Láti ìsinsìnyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé àwòrán rẹ̀ síta. Ẹ má béèrè pé kó dá orúkọ yín padà sórí status o. Bí ohun kan bá yí padà nílé, òun fúnra rẹ̀ á dá a padà, ó lè gba oṣù méjì.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ inú WhatsApp rẹ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ lo "Linked devices" láti máa ka gbogbo ohun tó ń kọ lórí fóònù tiyín. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, torí àkáǹtì kan lè wà lórí fóònù kan àti ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn. Bó bá tẹ ibẹ̀ wò lórí fóònù rẹ̀, orúkọ ẹ̀rọ yín á hàn sí i gbangba, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì mọ ibẹ̀ dáadáa. Ohun tó máa tẹ̀lé e ni SIM kejì tí ẹ kò mọ̀ sí. Bí ẹ bá fẹ́ máa yẹ fóònù wò, ẹ sọ fún un, ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú rẹ̀. Ẹ lè lo Google Family Link lórí fóònù Android láti fi òté lé wákàtí àti láti fọwọ́ sí áàpù kí ó tó wọlé; òun náà á mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kó dára nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀ kí fóònù tó padà sọ́wọ́ rẹ̀: ọdún ìbí tó kọ sí TikTok, Instagram àti Snapchat. Ọdún 13 ni gbogbo wọn fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì parọ́ ọjọ́ orí nígbà tí wọ́n wà ní Primary 5. Irọ́ yẹn kì í kúrò níbẹ̀. Lórí TikTok, ẹni tí kò tíì pé 16 kò lè gba iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àkáǹtì rẹ̀ sì máa ń wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé 18 ní òté ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni Instagram náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti àkáǹtì àwọn ọ̀dọ́langba, tí kì í sì í dún sí wọn láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí méje àárọ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbà pé ẹni ọdún 25 ni ọmọ yín, kò ní dáàbò bò ó bí ọmọdé. Bí ọdún náà kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ jẹ́ kó pa àkáǹtì yẹn rẹ́, kó ṣí tuntun. Á sunkún lórí àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó sunkún.

Lórí ọ̀rọ̀ òru, n kò ní fi gígùn dá yín lágara. Àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sun wákàtí 8 sí 10. Ọmọ tó ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kí ó lè bá asẹ́ḿbílì gbọ́dọ̀ ti sùn lọ ní mẹ́sàn-án ààbọ̀ kó tó rí mẹ́jọ. Ohun méjì ló ń jà á lólè nínú oorun yẹn níbí: dátà òru tó rọjú, àti iná tí kì í dé títí di aago kan òru. Ọmọ á ní òun ń dúró kí òun lè ṣájì fóònù. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí gbogbo fóònù ilé, títí kan ti bàbá, wà lórí extension kan ní pálọ̀ láti aago mẹ́sàn-án, kó máa dúró de iná níbẹ̀. Ẹ ra aago kékeré tó ń dún fún un, kó má baà sọ pé fóònù ló ń jí òun. Bí fóònù bàbá bá wọ yàrá lọ ní alẹ́ kejì, òfin náà ti kú nìyẹn.

Ẹ̀yin náà, fún ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá ti ilé ìwé dé, ẹ gbé fóònù tiyín sílẹ̀. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí yín, tí ẹ fi "hẹ̀n-ẹ́n" dá a lóhùn nígbà tí ojú yín ṣì wà lórí Facebook, ti mọ ibi tí òun wà lórí àkàbà.

Ó wá kan àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tí WhatsApp sì yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Bí ọmọ kan bá sọ "wèrè" fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ ló ń sọ pé eré ni. Lójú fóònù, lẹ́tà mẹ́rin péré ló kù, ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn á kà á bí èébú. Ẹnì kan á ya ìlà kan péré nínú ọ̀rọ̀ gígùn, á fi ránṣẹ́ sí ẹnì kẹta. Nígbà tí wọ́n bá yọ ènìyàn nínú gúrúùpù, WhatsApp á kọ ọ́ sójú gbogbo wọn pé ẹni báyìí yọ ẹni báyìí. Ìtìjú ìta gbangba ni. Tẹ́lẹ̀, ìjà ilé ìwé máa ń parí ní oríta tí wọ́n ti ń pínyà. Báyìí, ó ń bá ọmọ wọ orí ibùsùn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìjà ni tàbí ìfòòró. Bó bá jẹ́ ìjà, ìhà méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀ síra wọn, ohun kan pàtó ló fà á, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá jẹ́ ìfòòró, ọ̀pọ̀ ló ń dojú kọ ẹnì kan, ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, wọ́n ń kó o jáde sọ́dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kò kàn, kò sì dúró lẹ́yìn tí ó ti ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ohun tí ẹ kọ yìí wà láàárín méjèèjì. Yíyọ ọ́ kúrò jẹ́ ìjà. Gúrúùpù kejì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń lọ sí ìfòòró. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà: ènìyàn mélòó ló wà nínú gúrúùpù tuntun yẹn? Báwo ló ṣe mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀? Ṣé ẹnì kan ń bá a jókòó ní kíláàsì? Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tó ní ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń jẹun ní break á la ọ̀rọ̀ yìí já. Èyí tí kò ní ẹnì kankan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́ ti kánjúkánjú, ẹ lọ rí olùdámọ̀ràn ilé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ má pe ìyá àwọn ọmọ yẹn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ti wà lórí nọ́ńbà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá á bá ọmọ rẹ̀ wí lálẹ́, bó bá di òwúrọ̀, gbogbo kíláàsì á ti gbọ́ pé "màmá ẹ̀ pe màmá mi". Ẹ pa ìpè yẹn mọ́ fún ìgbà tó bá di ìfòòró tó dájú, tàbí tí àwòrán tàbí ìhàlẹ̀ bá wọ̀ ọ́.

Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lọ bá ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì. Ẹnì kan ni mo wí. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà níbẹ̀, wọ́n á máa ṣe é kí ara wọn lè rí i, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kọ́kọ́ rọ̀. Kó yan èyí tí ojú rẹ̀ rọ̀ jù, kó bá a ní ojúkojú ní break gígùn, kó sì sọ gbólóhùn méjì: "Ó dùn mí pé ẹ yọ mí. Kí ni mo ṣe?" Lẹ́yìn náà, kó gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó gbọ́ pé òun náà sọ nǹkan kan tó dun ẹlòmíràn, torí náà ẹ múra rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kò gbọ́dọ̀ fi voice note ṣe é, torí wọ́n á fi ránṣẹ́ síwájú, wọ́n á sì gbé e sí i ní kíláàsì kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Kò gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà gígùn lóru. Bí ọ̀rẹ́ náà bá yí ojú kúrò, kó padà síbi ìjókòó rẹ̀, kó má bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ràn án lọ́wọ́ láti mú ẹ̀ka mìíràn dàgbà: ẹgbẹ́ akọrin, ilé kéwú, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ sí lẹ́sìnnì, ọmọ àǹtí tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra. Ọ̀rẹ́ tó ń ti inú gúrúùpù kan ṣoṣo wá máa ń lọ pẹ̀lú gúrúùpù náà.

Kó má baà jẹ́ pé wọ́n á tún fi tipá kó o wọ inú gúrúùpù ẹ̀sín, ẹ jọ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà "Privacy", lẹ́yìn náà "Groups", kí ẹ yan "My contacts except", kó sì fi àmì sí orúkọ àwọn tí kò fẹ́ kó lè fi òun síbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá. Bó bá ń lo Snapchat, ẹ mọ̀ pé iná kékeré tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ ń kú bí àwọn méjèèjì kò bá fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn láàárín wákàtí 24. Gbogbo tirẹ̀ ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí. Lójú yín, eré ni; lójú àwọn kan nínú wọn, ẹ̀rí ni pé ó já àwọn sílẹ̀. Ó dára kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé fóònù kò sí lọ́wọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ tíṣà wà lára ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tètè ṣe, mo sì fi í sẹ́yìn kí ẹ lè rántí rẹ̀ dáadáa. Ẹ ní ẹ kò rí ọ̀rọ̀ burúkú, mo gbà yín gbọ́, ẹ má sì fi ẹ̀sùn kan olùkọ́ náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fi dátà ara wọn ran ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà tó gbà ni kò dára, kódà bí ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó ń kọ́ ọmọ ọdún 14 pé kò sí nǹkan tó burú bí àgbàlagbà tí kì í ṣe ẹbí bá ń bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lálẹ́, ẹni tó ní èrò ibi gan-an sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ gidi. Kò dáàbò bo olùkọ́ náà pẹ̀lú, torí bí ẹ̀sùn bá dé lọ́la, kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Ọ̀rọ̀ kan tún wà: àwọn ọmọ kíláàsì máa ń mọ ẹni tí tíṣà ń kọ̀wé sí. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í bóyá yẹ̀yẹ́ inú gúrúùpù tuntun yẹn ní í ṣe pẹ̀lú "ọmọ tíṣà". Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí gbòǹgbò ìjà náà, títún ọ̀rọ̀ tíṣà ṣe á sì ran ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ lọ sí ilé ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá parí iṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ náà tọkàntọkàn, kí ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, láti ọ̀sẹ̀ yìí, nọ́ńbà mi ni kí ẹ máa fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Bí kò bá yé e, á béèrè lọ́wọ́ yín ní kíláàsì." Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mí kanlẹ̀, torí ẹ ti gbé ẹrù kan kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dé ìpàdé PTA gẹ́gẹ́ bí ètò fún gbogbo kíláàsì, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: gúrúùpù kan fún kíláàsì, àgbàlagbà méjì ó kéré tán gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ọ̀kan jẹ́ olùdámọ̀ràn tàbí igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, kí iṣẹ́ máa jáde láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tì í kó jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ló lè kọ̀wé lẹ́yìn àsìkò náà, kí iṣẹ́ tó ń pa ara rẹ̀ rẹ́ má sí níbẹ̀, kí olùkọ́ kankan má máa bá ọmọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ fi òfin fún àwọn ọmọ náà kún un: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya fídíò olùkọ́ ní kíláàsì lọ sórí TikTok. Olùkọ́ tí wọ́n ti fi ṣe ẹlẹ́yà lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò ní kọ́ ọmọ pẹ̀lú ìfẹ́ mọ́, ẹ má sì dá a lẹ́bi.

Bí olùkọ́ náà bá bínú sí ohun tí ẹ sọ, tàbí tó ṣì ń kọ̀wé sí i, tàbí tó bá ní "má sọ fún màmá rẹ", tàbí tó bá sọ ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ tàbí ẹwà rẹ̀, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn lórí rẹ̀, ẹ lo "Export chat" láti fi gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí tiyín pé àwọn gbà á. Bí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ bá wọ̀ ọ́, ọlọ́pàá tàbí NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ni kí ẹ gbà lọ tààrà. Ní Èkó, DSVA wà, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003. Bí àwòrán ìhòòhò ọmọ bá wà nínú rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, àní sí gúrúùpù òbí láti fi kìlọ̀. Ìkànnì Take It Down, tí NCMEC, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó sọnù tàbí tí wọ́n ń lò nílòkulò, dá sílẹ̀, wà fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀: àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń gbà, àwòrán náà kì í kúrò lórí fóònù ọmọ, Facebook, Instagram àti TikTok sì wà lára àwọn tó ń lo àmì yẹn láti fi yọ ọ́. Kí ẹ má fi owó kankan ránṣẹ́ sí ẹni tó ń halẹ̀, torí á padà wá.

Nísinsìnyí, ọjọ́ tí ẹ ó dá a padà. WhatsApp máa ń pa iṣẹ́ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mọ́ fún ọjọ́ 30. Bí fóònù náà bá ti wà ní pípa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i ló ṣì ń dúró dè é: ti tíṣà, ti àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀, àti ti ẹni tó bú u, títí kan screenshot tí ẹnì kan rò pé ó yẹ kó rí. Láàárín ìṣẹ́jú méjì tó bá tan dátà, gbogbo rẹ̀ á rọ́ wọlé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kó jẹ́ alẹ́ Sọ́ńdè, tó máa fi gbogbo òru gbé e kiri, tó sì máa pàdé wọn ní asẹ́ḿbílì lówùúrọ̀. Ẹ rí tíṣà ní Thursday. Ẹ fún un ní fóònù ní àárọ̀ Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ máa wọlé, pé kò pọn dandan kó fèsì sí èyíkéyìí lọ́jọ́ náà. Ẹ wà nílé. Ẹ má jókòó tì í, ẹ má béèrè ohun tó ń kà. Ẹ kàn wà ní ibi tí ó ti lè rí yín, kí ẹ ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè bá yín ṣe bó bá dìde wá.